Ìbọn ní Apátí, Kò ní Apátí



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì, tó ti ń gbé ní Texas láti ìgbà pípẹ́, pè mí lórí fóònù, a sì ń rí ojú ara wa. Ó fẹ́ kí n wo kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tó rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bíbélì àti àtùpà ló wà lórí rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù bíi ti gbogbo ayé. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó tẹ nǹkan kan, pákó kékeré sì yọ síta: ìbọn ìléwọ́ ló sùn síbẹ̀. Ó ní, "Prof, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀." Mo ní, "Ọmọ rẹ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. "Kò tíì mọ nǹkan kan, sà."

Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí lórí bí ìbọn ṣe dé inú ilé ní agbègbè wa yìí, ibi tí wọ́n ń gbé e sí, àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ nípa rẹ̀.

Ilẹ̀ Yewa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà tí mo wà lọ́mọdé, jẹ́ ojú ọ̀nà ogun fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àwọn ọmọ ogun Dahomey kọlu Òkè-Ọ̀dàn, tí kò jìnnà sí wa ní Owódé, ní 1848. Wọ́n pa Iṣàgá run ní 1862, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ní 1886, Kétu pàápàá, ìlú ọba aládé, wó lulẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò sí ọba tó ní ilé ìkó-ìbọn-sí tí yóò ti máa pín in fún gbogbo ará ìlú. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ló ń wá ìbọn tirẹ̀, ilé rẹ̀ náà ló sì ń gbé e sí. Bí igbe bá ta lóru, kò sí àyè láti máa wá ohun tí a fi pamọ́. Nítorí náà, ara ògiri tàbí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ìbọn máa ń wà, níbi tí ojú gbogbo ilé ti ń rí i. Bí ogun kò bá sí, ìbọn náà ló ń lọ sí oko àti igbó ọdẹ.

Ẹ jẹ́ kí á wo irú ìbọn tó jẹ́. Ṣakabùlà ni, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ará Denmark, tí wọ́n ń tà á létíkun ilẹ̀ Gánà láyé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ tó wá dé ìlẹ̀ wa, ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Belgium ni wọ́n ti rọ ọ́, kí àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ìbọn ìgbàlódé dé, àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe àdéhùn kan ní Brussels ní July 2, 1890. Wọ́n ní kí á má ṣe kó ìbọn tó ń ta jìnnà tó sì ń bá ojú àmì wọ apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ṣakabùlà olókùúta ìṣáná àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún, lábẹ́ àkóso ìjọba. Ọ̀kan pàtàkì nìyí nínú ìdí tó fi jẹ́ pé ìbọn ayé baba ńlá wa ṣì ni ọdẹ wa ń gbé kọ́ èjìká lóde òní.

Ìbọn yìí kì í yára. Ọdẹ yóò da ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, yóò fi àkísà dí i, yóò fi ọ̀pá irin kì í mọ́lẹ̀, yóò da ọta sí i, yóò tún dí i. Lẹ́yìn náà ni yóò bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òkúta ti ń ṣáná. Ọmọ kékeré kò lè dá gbogbo èyí ṣe. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Bí wọ́n bá ti ki ìbọn náà tán, kò rọrùn láti tú u. Yíyìn ló rọrùn jù. Ọdẹ tí kò rí ẹran pa lè gbé ìbọn tí ẹ̀tù àti ọta wà nínú rẹ̀ wá sílé. Bí ẹ bá sì wò ó lára ògiri, ẹ kò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí.

Ibí ni òwe tí mo fi ṣe àkọlé ti wọlé. Àwọn àgbà ní: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí á kọjú rẹ̀ kọ òun?" Apátí ni irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní gírámà, ẹ wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Gbólóhùn méjì tó tako ara wọn ló jókòó tira, kò sí "bóyá", kò sí "tàbí" láàrin wọn. Òwe náà kò ní kí ẹ kọ́kọ́ yẹ ìbọn wò, kí ẹ tó pinnu. Ohun yòówù kí ẹ rò pé ó wà nínú rẹ̀, ẹ yí ẹnu rẹ̀ kúrò lára ènìyàn ná. Òfin kìíní tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn káàkiri ayé lónìí nìyẹn: kí a máa ṣe sí gbogbo ìbọn bí ẹni pé ọta wà nínú rẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ di òwe kí ọmọ tó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ má baà gbàgbé.

Òwe nìkan kọ́ ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ ọdẹ. Rọ́bà tí a fi ń ta ẹyẹ ni yóò kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà tàkúté. Yóò máa gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀, yóò mọ ibi tí a ń dúró sí nígbà tí ọ̀gá bá fẹ́ yìnbọn. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́.

Báwo wá ni ìbọn ṣe kúrò lára ògiri lọ sí ibi ìkọ̀kọ̀? Àlàáfíà àti òfin ló gbé e lọ. Ní August 10, 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ yìí láàrin ara wọn. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Faransé sì ṣẹ́gun Dahomey láàrin 1892 sí 1894, ogun tó ń mú ìbọn dúró lẹ́nu ọ̀nà tán. Ìwé àṣẹ ló kù. Òfin Ìbọn ti 1959, tí a ṣì ń lò ní Nàìjíríà, kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀: ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìbọn ìléwọ́ ní tirẹ̀ wà lára àwọn tí òfin kan náà kà léèwọ̀ fún ará ìlú. Ẹni tí kò bá ní ìwé, tàbí tó ń bẹ̀rù olè, yóò wá ibi tí ojú kò tó. Àjà ilé ni, àárín ẹní tí a ká ni, abẹ́ ibùsùn ni.

Bàbá mi àgbà fi tirẹ̀ sórí àjà, ó fi àpò ìdọ̀họ dì í. Ó dá a lójú pé àwa ọmọdé kò mọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ̀! Lọ́jọ́ kan tí àwọn àgbà lọ sí ọjà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi gun àpótí, ó gbé ìbọn náà sọ̀kalẹ̀, ó sì na ẹnu rẹ̀ sí mi láyà. Eré là ń ṣe. Ó fa apátí. Kò dún, nítorí pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, mo ṣì ń gbọ́ "kẹ́" tí irin náà ṣe.

Nígbà tí bàbá àgbà gbọ́, kò na ẹnikẹ́ni. Ó pè wá jókòó, ó pa òwe yẹn fún wa, ó ní kí kálukú wa sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó yé mi nígbà tí mo dàgbà. Ó gbé ìbọn sínú àpótí, ó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Ó kó ẹ̀tù àti ọta lọ sí yàrá ìyá àgbà, sínú àpótí mìíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kò tún wá ibi ìkọ̀kọ̀ mìíràn. Ó ti rí i pé olè tó ti ìta wá ni ìkọ̀kọ̀ lè tàn jẹ, pé ọmọ inú ilé kò sí lára wọn.

Ohun tó kọ́ lọ́jọ́ kan yẹn ni àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2001, wọ́n fi ìbọn ìléwọ́ gidi tí kò ní ọta pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n sì fi àwọn ọmọkùnrin 64, ọmọ ọdún 8 sí 12, sínú yàrá náà ní ìsọ̀rí 29. Ìsọ̀rí 21 rí ìbọn náà. Nínú ìsọ̀rí 16, wọ́n gbé e lọ́wọ́. Nínú 10, ó kéré tán ọmọ kan fa apátí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó fọwọ́ kàn án ni wọ́n ti kọ́ rí nípa ewu ìbọn. Ìwádìí mìíràn jáde ní 2006 láti ìgbèríko Alabama: nínú àwọn òbí tó ní ọmọ àwọn kò mọ ibi tí ìbọn wà, ọmọ ẹni 39 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ọmọdé níbẹ̀ fi ń gba àwọn òbí tó ní ìbọn níyànjú pé kí wọ́n yọ ọta kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, kí wọ́n sì ti ọta mọ́ ibòmíràn.

Ẹ ò rí i pé ohun tí bàbá àgbà ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn? Ẹ̀kọ́ dára, ó sì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò tó láìsí kọ́kọ́rọ́. Ṣakabùlà fúnra rẹ̀ ń fa ọwọ́ ọmọdé sẹ́yìn, nítorí iṣẹ́ pọ̀ lára rẹ̀ kó tó dún. Ìbọn ìléwọ́ tí ọta wà nínú rẹ̀ kò béèrè ju ìka kan lọ.

Mo pe ọmọ mi tó wà ní Texas padà. Mo sọ ìtàn àjà yẹn fún un, mo sì ní kó bi ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, láìbínú, pé kí ló wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù bàbá rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, sà." Mo ṣì ń retí ìpè rẹ̀.