Ohùn, fọ́tò tàbí fídíò: bí ẹ ṣe lè dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú láyé AI

Ká ní fóònù yín dún lóru, tí ẹ gbọ́ ohùn ọmọ yín tó ń sunkún pé ọlọ́pàá ti mú òun, pé kẹ́ ẹ tètè fi ₦150,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan, kí lẹ máa ṣe? Tẹ́lẹ̀, béèyàn bá ti gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní báyìí, ohùn nìkan kò tó mọ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá, ti lè sín ohùn èèyàn jẹ. Ó lè ṣe fọ́tò ẹni tí wọn ò bí sáyé rí, ó sì lè ṣe fídíò ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ẹ tún ń kà wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì la ṣe àlàyé yìí fún. Ẹ lè fi pamọ́ sórí fóònù, kẹ́ ẹ máa padà sí i nígbàkígbà tí nǹkan tó rú yín lójú bá wọlé.

Irọ́ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Kí AI tó dé ni irọ́ orí fóònù ti ń pa èèyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba ìgboro kan pé kéèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún, kí àrùn náà má bàa ràn án. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde lóṣù yẹn kan náà pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìbẹ̀rù ló gbé e kiri, àti ìfẹ́: ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ rò pé òun ń gba ìyá òun là ni.

Lọ́dún 2018 náà, àhesọ kan ń jà rànyìn pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti kú, pé ọkùnrin kan láti Sudan tó ń jẹ́ Jubril ló wà ní Aso Rock. Ó di ìgbà tí Buhari fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Poland, lóṣù Kejìlá ọdún yẹn, pé òun gan-an lòun ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Kí wá ni AI fi kún un?

Ó mú kó yá, ó mú kó pọ́n-ún-kú, ó sì mú kó jọ òótọ́. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú fídíò nílò owó, kọ̀ǹpútà ńlá àtàwọn tó mọṣẹ́. Fóònù ọwọ́ ti ń ṣe é báyìí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, iléeṣẹ́ Microsoft ṣàfihàn ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní VALL-E. Wọ́n ní ohùn èèyàn tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ ti tó fún un láti sín ẹni náà jẹ. Ẹ wá ro iye ìgbà tí ẹ ti fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí, ìjọ tàbí ẹgbẹ́.

Àwọn àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ nìyí:

• Oṣù Kẹta ọdún 2023: fọ́tò Póòpù Francis nínú jákẹ́ẹ̀tì òtútù funfun ràkọ̀tọ̀ tàn ká. AI ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló gbà á gbọ́, torí kò ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́, kò sì sẹ́ni tó rò pé ẹnì kan máa fi irú ẹ̀ purọ́.

• Ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023: fọ́tò ayédèrú kan fi èéfín hàn nítòsí Pentagon, olú iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ọjà ìpín ìdókòwò já wálẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé kò sí ohun tó bú gbàmù níbẹ̀.

• Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024: àwọn olùdìbò ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, Amẹ́ríkà, gba ìpè tó ní ohùn Ààrẹ Joe Biden, pé kí wọ́n má jáde fún ìdìbò abẹ́lé. Biden kọ́ ló sọ̀rọ̀. Àjọ FCC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 6 dọ́là fún olùdámọ̀ràn òṣèlú tó wà nídìí ẹ̀.

• Oṣù Kejì ọdún 2024: ọlọ́pàá Hong Kong tú àṣírí bí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ṣe wọ ìpàdé orí fídíò, tó rí ọ̀gá tó ń bójú tó owó àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Òun nìkan ni ojúlówó èèyàn nínú ìpàdé náà. Iléeṣẹ́ Arup jẹ́wọ́ nígbà tó yá pé àwọn lọ̀rọ̀ náà kàn.

Tó bá jẹ́ fọ́tò

Ẹ wo ìka ọwọ́, etí, eyín àti ìgò ojú. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lára pátákó tàbí aṣọ, bóyá ó ṣeé kà. Ẹ wo àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ máa ń ya ojú wúruwùru. Ẹ wo òjìji, bóyá gbogbo rẹ̀ dojú kọ ibì kan náà.

Àmọ́ ẹ má gbára lé èyí nìkan o. Lọ́dún 2023, ìka mẹ́fà ló máa ń tú ẹ̀rọ náà fó. Ó ti ń ya ìka dáadáa báyìí. Pé ẹ ò rí àṣìṣe nínú fọ́tò kò sọ ọ́ di òótọ́.

Ohun tó dára jù ni kẹ́ ẹ wádìí ibi tí fọ́tò náà ti wá. Ẹ gbé e sínú Google Lens tàbí TinEye, wọ́n á fi ibòmíràn tó ti jáde rí hàn yín. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n fi ń tan ìròyìn èké ni AI ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Fọ́tò àtijọ́ ni: ìjà ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tàbí jàm̀bá ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè míì, tí wọ́n wá kọ orúkọ ìlú yín sí.

Tó bá jẹ́ fídíò

Ẹ fi etí àti ojú sí i pọ̀. Ṣé ètè bá ọ̀rọ̀ mu? Ṣé ojú ń ṣẹ́ bó ṣe yẹ? Ṣé ọrùn àti orí jọ rìn? Ayédèrú fídíò sábà máa ń kúrú, wọ́n sì máa ń jẹ́ kó ṣókùnkùn díẹ̀ kí àṣìṣe ẹ̀ má bàa hàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí akọ̀ròyìn máa ń bi ara ẹ̀. Ibo nìyí? Nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń kọjá, ti orílẹ̀-èdè wo ni? Irú aṣọ wo lọlọ́pàá wọ̀? Èdè wo làwọn èèyàn ń sọ lẹ́yìn? Tí wọ́n bá ní àná ló ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn, ṣé òjò rọ̀ n'Íbàdàn lánàá bó ṣe ń rọ̀ nínú fídíò yẹn?

Tó bá jẹ́ ohùn

Ibí yìí ni Yorùbá ti fún wa ní àǹfààní díẹ̀. Èdè olóhùn ni èdè wa. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà, ẹ̀rọ sì ṣì máa ń ṣi àwọn àmì ohùn wọ̀nyí gbé. Ẹ tẹ́tí sí i: ṣé ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀? Ṣé ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka ìwé, nígbà tó jẹ́ pé Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé lẹ́nu onítọ̀hún? Ṣé ó kí yín bó ṣe máa ń kí yín? Ọmọ tó máa ń pè yín ní "Mọ̀ọ́mì" kò ní ṣàdédé máa pè yín ní "Ìyá mi".

Ẹ̀rọ ń kọ́ Yorùbá lójoojúmọ́ o, àǹfààní yìí ò sì ní pẹ́ tán. Ohun tó lè dáàbò bò yín ju gbogbo ẹ̀ lọ kò ná yín ní kọ́bọ̀:

1. Ẹ gé ìpè náà. Ẹ wá fi ọwọ́ ara yín pe nọ́ńbà ọmọ yín tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má pe nọ́ńbà tó pè yín.

2. Tí kò bá gbé e, ẹ pe ẹni tí wọ́n jọ ń gbé tàbí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

3. Ẹ bi í ní ìbéèrè ilé. Kí la máa ń ki ẹ? Ta ló sọ ẹ́ lórúkọ kẹta tó ò ń jẹ́? Ohun tí kò sí lórí Facebook ni kẹ́ ẹ béèrè.

4. Ẹ mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan nínú ẹbí, tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba owó lójijì gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ sọ ọ́ fún ara yín lójúkojú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp.

Àwọn tó ní ọmọ lókè òkun ni kó fi ọwọ́ tó le mú èyí. Ọmọ tó wà ní London tàbí Houston kò sí nítòsí kẹ́ ẹ lọ kanlẹ̀kùn ẹ̀, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oògùn àti owó kíákíá

Fídíò dókítà tàbí olóòtú ìròyìn tẹlifíṣọ̀n tó ń polówó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ lórí Facebook. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú oògùn tí ọsibítù kọ fún yín, torí tiwọn máa wo àrùn náà sàn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀mí ló wà nídìí èyí. Ẹni tó bá pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì lójijì lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ra oògùn kankan, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú Greenbook, ìyẹn àkójọ oògùn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ náà. Kẹ́ ẹ sì bi dókítà yín.

Nígbà míì, orúkọ AI gan-an ni wọ́n fi ń ta irọ́. CBEX, tó dojú dé lóṣù Kẹrin ọdún 2025, sọ fáwọn èèyàn pé AI ló ń bá wọn ṣòwò, pé owó wọn máa di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 30. Àwọn tó bínú ya bo ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn nígbà tí owó ò jáde mọ́. Àjọ SEC ní iléeṣẹ́ náà ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo lórí íkànnì SEC ì bá ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ mọ̀ ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin fún ohunkóhun tó bá wọlé

Dúró. Ohun tó bá mú yín bínú tàbí tó dẹ́rù bà yín gidi lójijì, òun ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí jù. WhatsApp máa ń fi ọfà méjì sórí ohun tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ léraléra. Àmì pé kẹ́ ẹ rọra ni.

Wo ẹni tó gbé e jáde. Ẹ ka àdírẹ́sì íkànnì náà lẹ́tà kan sí èkejì. Àmì ìdánimọ̀ BBC, ti ilé ìfowópamọ́ tàbí ti rédíò wa ṣeé lẹ̀ mọ́ ohunkóhun.

Wá ibòmíràn. Tí gómìnà bá kú lóòótọ́, kì í ṣe gúrúùpù àdúgbò yín nìkan ló máa mọ̀. Ẹ wò ó lọ́dọ̀ Dubawa, Africa Check tàbí FactCheckHub, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ṣíṣe àyẹ̀wò irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá gbogbo fídíò náà, kì í ṣe ibi tí wọ́n gé. Ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín pé, "Níbo lo ti rí i?" Tó bá ní, "Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni," ẹ jẹ́ kó parí sọ́dọ̀ yín.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ pé àwọn lè dá iṣẹ́ AI mọ̀. Ẹ má fi wọ́n ṣe adájọ́. Wọ́n máa ń pe ojúlówó ní ayédèrú, wọ́n sì máa ń ṣe ìdàkejì rẹ̀, pàápàá tí fídíò bá ti gba orí WhatsApp kọjá tí kò mọ́ dáadáa mọ́. Bákan náà, ẹ má bi ChatGPT kẹ́ ẹ sì fi ìdáhùn ẹ̀ búra. Òun náà máa ń fi ìgboyà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdàkejì rẹ̀

Ewu míì wà tí a kì í sábà sọ. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti mọ̀ pé ohùn ṣeé ṣe, ẹni tí wọ́n ká mọ́ níbi tó ti ń gba rìbá náà á ní, "AI ni." Bí a bá ń gba gbogbo nǹkan gbọ́, wọ́n á rẹ́ wa jẹ. Bí a kò bá wá gba ohunkóhun gbọ́ mọ́, àwọn aṣebi ló máa jàǹfààní ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwádìí la fi ń yanjú ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó ní òótọ́ ni tàbí ẹni tó ní irọ́ ni.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín

Ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá owó náà dúró kí wọ́n tó gbé e lọ. Ẹ má pa ìpè, ohùn tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ̀rí ni. Ẹ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá tàbí EFCC. Ẹ sọ fún ẹbí yín pẹ̀lú, torí ẹni tó fi ohùn ọmọ yín tàn yín lè pe ẹ̀gbọ́n yín tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi irọ́ ránṣẹ́ láìmọ̀, ẹ padà sí gúrúùpù yẹn kan náà, kẹ́ ẹ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2024, ka fífi irọ́ ránṣẹ́ lẹ́ni tó mọ̀ pé irọ́ ni, láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu, sí ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó tó ti kúrò ní àkáǹtì kì í dúró de ọjọ́ yẹn. Lálẹ́ òní, ẹ pe àwọn ọmọ àtàwọn òbí yín, kẹ́ ẹ jọ mú ọ̀rọ̀ àṣírí ilé yín.