ÌTÀN ÌWÉ KÍKÀ LÁÀÁRÍN ÀWỌN ỌMỌ YORÙBÁ NÍ SABON GARI, KÁNÒ

Wọ́n ní kí a kọ díẹ̀ nínú ìtàn wa ní ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ òwò pọ̀ tí a lè sọ, ṣùgbọ́n ti ìwé kíkà ni a yàn, nítorí ohun tí ojú wa ń rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa.

Ní ọdún 1911 ni ọkọ̀ ojú irin dé Kánò. Àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ réluwè àti oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Ìlọrin sì bá a wá. Ní 1913 ni ìjọba òyìnbó ya Sabon Gari sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwa àlejò. Lugard ti ṣèlérí ní 1903 pé ìjọba kò ní dá sí ẹ̀sìn Ìsìláàmù, nítorí náà wọn kò fẹ́ ilé-ìwé mísọ́n nínú ìlú àtijọ́. Ilé-ìwé tí Hanns Vischer dá sílẹ̀ ní Nassarawa ní 1909, ọmọ àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Hausa ni wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Àwọn baba wa ní láti wá ọ̀nà tiwọn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n rí. Èkíní ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ìwé A B D ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí C nínú lẹ́tà Yorùbá. Ọmọ a máa pe ba, be, bẹ, bi títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu, kí ó tó bọ́ sínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí gbogbo rẹ̀ parí ní 1884. Lẹ́yìn náà ni Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ dé. Èkejì ni ilé kéwú. Níbẹ̀ ọmọ a máa ka ohun tí ó wà lára wàláà rẹ̀ sókè léraléra, títí alùfáà yóò fi ní ó tó, kí ó tó fọ̀ ọ́ nù.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ọ̀nà méjèèjì jọ ara wọn: kíkà sókè, àtúnkà, àti àgbà tí ń fetí sílẹ̀. Ní 1979, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, S. Jay Samuels, kọ̀wé pé bí ọmọ bá ń tún ìwé kúkúrú kan kà títí ó fi já geere, yóò yá a lẹ́nu nígbà tí ó bá kan òmíràn. Àwọn baba wa ti ń ṣe é tipẹ́.

Ní oṣù kìíní 1955, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwa tí a wà níhìn-ín ṣì ń sanwó. Ní oṣù kẹsàn-án 1976 ni ọ̀fẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà dé. Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n kíláàsì kún, olùkọ́ kò tó, kò sì rọrùn mọ́ láti gbọ́ kíkà ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Lónìí, ọmọ wa ń sọ Hausa ní ojúde, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, Yorùbá nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ìwé Yorùbá, yóò máa ṣẹ́ ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Kí ó tó dé òpin gbólóhùn, ó ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àmì ohùn ń dà á láàmú: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀kọ̀ ológun, bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú rẹ̀. Òmíràn ni pé àkọtọ́ yí padà ní 1974. Bíbélì bàbá àgbà kọ “aiye”, “enia” àti “nwọn”. Ìwé ọmọ kọ “ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n”. Bí àgbà kò bá jókòó tì í, ta ni yóò là á yé e?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ òun jẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ‘A’, Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí. Nínú owó tí a ó rí lónìí, kí ẹgbẹ́ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwé Yorùbá tí àwọn ọmọ yóò máa yá kà. Ní alẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ojú ìwé kan sókè fún àgbà kan lẹ́ẹ̀mẹta. Àní ìyá tí kò mọ̀wé lè gbọ́ ọ; etí rẹ̀ mọ Yorùbá, yóò sì mọ ibi tí ọmọ ti ṣì í pè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ni àwa wà, ẹ má jẹ́ kí orí àwọn ọmọ wọ̀nyí wọ́ níwájú wa.

Kí Ọlọ́run bù kún ẹgbẹ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ka ìtàn yìí geere fún ọmọ tiwọn. Àmín.