Láti "Ẹrú" dé "Cache": Ìtàn Ọ̀rọ̀-Ìperí Kan

Ní 1965, Maurice Wilkes ti Yunifásítì Cambridge kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan lórí ìrántí kékeré tó yára, èyí tó ń di ohun tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ lò mú, kó má baà tún lọ wá a nínú ìrántí ńlá tó lọ́ra. Ó pè é ní "slave memory", ìrántí ẹrú. Ní 1967, nígbà tí IBM ń ṣàlàyé System/360 Model 85, olóòtú ìwé àtìgbàdégbà wọn dábàá ọ̀rọ̀ Faransé kan dípò orúkọ gígùn tí wọ́n ń lò: cache, ibi ìfarapamọ́. Ó bá a mu, nítorí ẹni tó ń kọ ètò kì í rí i.

Etí Ìdáàṣà gbọ́ orúkọ méjèèjì yìí lọ́nà mìíràn. Àárín òkè 41 Dassa-Zoumè ni àwọn èèyàn sá pamọ́ sí nígbà tí ogun Dáhòmì ń kó ẹrú.

Ní 1994, Jeff Bonwick ti Sun Microsystems fi hàn pé ètò tó ń pín ìrántí kò lè ṣe bí ẹni pé cache kò sí. Àdírẹ́ẹ̀sì ohun ló ń pinnu ìlà tí yóò bọ́ sí nínú cache. Ká ní ohun kan tóbi tó báìtì 300, tí olùpín fún un ní 512, tó sì jẹ́ pé 48 àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń lò léraléra. Bí gbogbo irú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lójú 512, orí ìlà díẹ̀ kan náà ni wọn yóò ti máa lé ara wọn jáde. Nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 cache ni wọn yóò rí lò. (Ẹ wo ọjà tí gbogbo èèyàn ti ń dù ìbòòji igi kan ṣoṣo.) Bonwick kó ohun onírú kan náà jọ sínú "slab", ó sì mú kí slab kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ níbi tó yàtọ̀ díẹ̀. Ó pe ìyàtọ̀ náà ní àwọ̀. Solaris 2.4 lò ó. Linux gbà á lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ó tún pe àkójọ àwọn ohun wọ̀nyí ní cache! Ọ̀kan wà nínú ẹ̀rọ, ó pamọ́ fún òǹkọ̀wé ètò. Èkejì wà nínú ètò, wọ́n tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún àtúnlò. Antémémoire tí Faransé dábàá fún ti ẹ̀rọ sọ ìpamọ́ nù pátápátá. "Pamọ́" tiwa gba méjèèjì: a ń sá pamọ́, a sì ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́. Nítorí náà, mo fara mọ́ ìrántí-ìpamọ́ fún ti ẹ̀rọ àti àkójọ-ìpamọ́ fún ti Bonwick. "Ìrántí ẹrú" ni mi ò ní mú wọ inú èdè wa.