Ìtọ́jú Èrò àti Ìṣe fún Àníyàn àti Ìsoríkọ́

Ìtọ́jú èrò àti ìṣe, tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń pè ní CBT, jẹ́ ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣe fún ẹni tí ìsoríkọ́ tàbí àníyàn ti gba ayé mọ́ lọ́wọ́. Aláìsàn àti olùtọ́jú á máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan, ó sì sábà máa ń gbà tó ìpàdé 8 sí 20. Ohun mẹ́ta ni wọ́n jọ ń tọ pinpin: ohun tí ẹni náà ń rò, bó ṣe ń rí lára rẹ̀, àti ohun tó ń ṣe nítorí rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló so kọ́ra wọn. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ìbànújẹ́ pé kó kúrò, ṣùgbọ́n èèyàn lè yẹ èrò wò, ó sì lè yí ìṣe padà.

Ẹ má ṣe kà á mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé ‘ṣe ọkàn gírí’, tàbí pé kí èèyàn ṣáà máa ro rere. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ kì í bá aláìsàn jiyàn, kì í sì í wàásù fún un. Ìbéèrè ló ń bi í, ẹ̀rí ló ń bá a wá, iṣẹ́ ló sì ń fún un lọ sílé.

Apá ti ìṣe ló kọ́kọ́ dé. Ní 1924, Mary Cover Jones ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ṣe gba ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Peter lọ́wọ́ ìbẹ̀rù ehoro: bí ọmọ náà bá ti ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi lè fọwọ́ pa á lára. Joseph Wolpe, dókítà ọmọ South Africa, sọ irú ọgbọ́n yìí di ìtọ́jú tó létò nínú ìwé tó gbé jáde ní 1958. Ní New York, Albert Ellis ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èrò tọ́jú èèyàn láti 1955. Àmọ́ Aaron Beck, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pennsylvania, ni ọ̀pọ̀ ń pè ní baba ìtọ́jú yìí. Wọ́n bí i ní 1921, ó sì kú ní 2021 lẹ́ni 100 ọdún.

Ẹ̀kọ́ Freud, oníṣègùn ọpọlọ àtijọ́ nì, ni Beck kọ́kọ́ kọ́, èyí tó ní ìbínú tí èèyàn dà sórí ara rẹ̀ ló ń di ìsoríkọ́. Ó fẹ́ fìdí ẹ̀kọ́ náà múlẹ̀, ó yẹ àlá àwọn aláìsàn rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú ló bá níbẹ̀. Àdánù àti ìjákulẹ̀ ló kún inú wọn. Ó tún ṣàkíyèsí pé èrò kan máa ń já wọ ọkàn aláìsàn wàrà kí ìbànújẹ́ tó dé, tí onítọ̀hún kì í tilẹ̀ fura sí. Ní 1961, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè 21 jáde tí a fi ń wo bí ìsoríkọ́ ṣe le tó, wọ́n sì ń lò ó dòní. Ìwé wọn lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìsoríkọ́ jáde ní 1979.

Beck rí i pé èrò ẹni tí orí rẹ̀ kọ́ máa ń burú síbi mẹ́ta: sí ara rẹ̀, sí ayé tó yí i ká, àti sí ọjọ́ iwájú. Ẹ jẹ́ ká fi oníṣòwò aṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó pe oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù láàárọ̀, ìyẹn ò gbé e. Kíá, èrò kan ti dé: ‘Ó ti mọ̀ pé mi ò wúlò. Gbogbo èèyàn ló ń sá fún mi.’ Àyà rẹ̀ wúwo, ó padà sórí ibùsùn, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Nígbà tó máa di alẹ́, owó ò wọlé, ẹnikẹ́ni ò yà á wò, ó wá dà bíi pé òótọ́ ni èrò àárọ̀ yẹn sọ.

Olùtọ́jú á ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré. Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀: mo pè é, kò gbé e. Lẹ́yìn náà, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn, àti bí mo ṣe gbà á gbọ́ tó: 90 nínú 100. Bó ṣe rí lára mi: ìbànújẹ́, 80. Wọ́n á wá gbọ́ ẹjọ́ èrò náà bí adájọ́ ṣe ń gbọ́ ẹjọ́. Kí ló fi hàn pé òótọ́ ni? Kí ló ta kò ó? Oníbàárà yìí kan náà ra ańkárá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aago méje àárọ̀ ló sì pè é, ó ṣeé ṣe kó wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Obìnrin náà á kọ èrò mìíràn tó bá ẹ̀rí mu: ‘Mi ò mọ ìdí tí kò fi gbé e, màá tún pè é lọ́sàn-án.’ Ó lè wá rí i pé ìgbàgbọ́ òun nínú èrò àkọ́kọ́ ti wálẹ̀ sí 40. Kò tíì tán pátá, kò sì pọn dandan kó tán. Ogójì ti tó fún un láti dìde lọ wẹ̀.

Ìdìde yẹn lágbára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ìsoríkọ́ máa ń sọ fún èèyàn pé kó dùbúlẹ̀ títí iṣẹ́ á fi tún wù ú ṣe, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kì í wu ẹni tó dùbúlẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á to ohun kéékèèké sí wákàtí ọjọ́: kó wẹ̀, kó ká aṣọ díẹ̀, kó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ì báà wù ú, ì báà má wù ú. Ní 1996, Neil Jacobson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington yọ apá ìṣe yìí sọ́tọ̀, wọ́n fi wé odindi ìtọ́jú náà, àbájáde méjèèjì sì jọra. Lójú tèmi, kò sí ìròyìn tó dára tó èyí nínú gbogbo ìtàn náà, torí ẹni tí kò mọ̀wé kọ pàápàá lè ṣe é.

Àníyàn ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìsoríkọ́ ń sọ pé nǹkan ti bàjẹ́. Àníyàn ń sọ pé ó fẹ́ bàjẹ́, sísá fún ohun tó ń bani lẹ́rù ló sì ń mú un sanra. Ẹ wo ọkùnrin kan tí ìpayà kọ lù nínú dánfó. Àyà rẹ̀ lù kìkì, ó rò pé ọkàn òun fẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ̀rù yìí mú un máa mí gúlegúle, òòyì ń kọ́ ọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ ń kú, ó kígbe ‘Ó wà o!’, ó bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ló ń jókòó sí, ike omi kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó gbà pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí òun kú. David M. Clark ṣàlàyé ní 1986 pé títúmọ̀ ohun tí ara ń ṣe sí jàǹbá ló ń bí irú ìpayà báyìí. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ ọkàn rẹ̀ wò tó rí i pé kò ní àrùn, olùtọ́jú á ní kó mọ̀ọ́mọ̀ mí kíákíá fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì níbi tó jókòó sí. Òòyì yẹn kan náà á dé, ìka á kú, kò sì ní sí ohun tó máa ṣe é. Lẹ́yìn èyí, ó di inú dánfó: ìjókòó ẹ̀yìn, láìsí omi, títí ẹ̀rù náà á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí àwọn kan ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Carothers, tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ọ́ pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn adúláwọ̀. Thomas Adéoyè Lámbò, tó bẹ̀rẹ̀ ètò kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ láwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn Aró ká ní Abẹ́òkúta ní 1954, bá Alexander Leighton ará Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá. Ìwé wọn, tó jáde ní 1963, fi hàn pé àmì ìsoríkọ́ wà lára wa dáadáa. Títí dòní, ọ̀pọ̀ wa kì í sọ pé inú wa bàjẹ́. Orí tó ń gbóná, àyà tó ń já, nǹkan tó ń rìn lára bí èèrà, ìwọ̀nyí la máa ń gbé lọ bá nọ́ọ̀sì, a ó sì gba oògùn ibà bọ̀. Olùtọ́jú tó gbọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ara ti ń sọ̀rọ̀. Kò ní bá aláìsàn du àdúrà rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń gbàdúrà lè máa kọ ìwé èrò rẹ̀.

Ìtọ́jú yìí kì í wo gbogbo èèyàn sàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọba ti ń pèsè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2008, nǹkan bí ìdajì àwọn tó parí rẹ̀ ló ń bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà; Yorùbá tó bá ń gbé níbẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Ìsoríkọ́ tó le gan-an sábà máa ń fẹ́ oògùn mọ́ ọn. Èrò tó ń bani nínú jẹ́ sì lè jẹ́ òótọ́: ẹni tí kò rówó ilé san kò ṣìrò, ojútùú ìṣòro ló nílò pẹ̀lú ìtọ́jú. Síbẹ̀, èrè rẹ̀ máa ń pẹ́ lára. Nínú ìwádìí tí Steven Hollon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005, lára àwọn tí ara wọn ti yá, nǹkan bí 31 nínú 100 ni ìsoríkọ́ padà kọ lù lẹ́yìn tí ìtọ́jú èrò parí. Lára àwọn tó dá oògùn dúró, 76 ni.

Kì í sì í ṣe dókítà nìkan ló lè ṣe é. Ní abúlé Pakistan, Atif Rahman kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ilé dé ilé ní ìtọ́jú yìí, fún àwọn ìyá tó ní ìsoríkọ́. Ìwádìí wọn ní 2008 fi hàn pé ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí àwọn ìyá náà bímọ, 23 nínú 100 lára àwọn tó gba ìtọ́jú ló ṣì wà nínú ìsoríkọ́, nígbà tó jẹ́ 53 lára àwọn yòókù. Ní Zimbabwe, àwọn ìyá àgbà ni Dixon Chibanda kọ́ ní ìtọ́jú tó fara pẹ́ ẹ, ìyẹn ti wíwá ojútùú sí ìṣòro, lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn. Ní Ìbàdàn, Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́dé láti máa tọ́jú ìsoríkọ́. Òfin ìlera ọpọlọ tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958, ti ṣílẹ̀kùn fún irú iṣẹ́ yìí. Owó àti ẹ̀kọ́ ló kù kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé kalẹ̀.

Bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan bá ti wà lára rẹ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lọ rí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Aró, ní Yábàá, ní UCH Ìbàdàn tàbí ní ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé ikú wu òun, má ṣe dá a wà. Mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.