Bí a ṣe ń yọ ike tó jóná mọ́ inú àgbá irin ẹ̀rọ

Àgbègbè ilé-iṣẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà láàárín àwọn ọdún 1950 kò mọ sí Ìkẹjà nìkan mọ́. Ilé-iṣẹ́ ti kún Orẹ́gùn, Ọgbà àti Agége náà. Àwọn tó ń fi ike ṣe nǹkan pọ̀ níbẹ̀: abọ́, àga, korobá, ìdérí ìgò àti ọ̀rá tí wọ́n ń rọ omi mímu sí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀rọ tí púpọ̀ nínú wọn ń lò ni àgbá irin gbọọrọ kan tó rí bí ọ̀pá ìbọn, tí ọ̀pá irin mìíràn tó lọ́ bí ìwo àgbò ń yí nínú rẹ̀. Hóró ike á bọ́ sínú àgbá náà láti ẹ̀yìn, ooru á yọ́ ọ, ọ̀pá lílọ́ á sì máa tì í lọ síwájú títí yóò fi jáde ní imú ẹ̀rọ.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá yẹn bá ń yí, kò séwu. Ìgbà tó bá dúró ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì sábà máa ń dá a dúró ní Nàìjíríà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n yí orúkọ NẸ́PÀ padà sí PHCN ní ọdún 2005, ìjọba sì gbé iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ṣùgbọ́n NẸ́PÀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń pè é bí iná bá lọ. Irin àgbá nípọn, kì í tètè tutù. Ike tó wà nínú rẹ̀ á wà lójú kan, á máa jóná bí ọkà tí a gbé ka iná tí kò sẹ́ni tó ń rò ó. Á pọ́n, á dúdú, á di èédú tó lẹ̀ mọ́ ara irin. Nígbà tí iṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀, èédú yìí á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, abọ́ funfun á sì máa jáde pẹ̀lú àmì dúdú tóótòòtó. Ta ni yóò ra irú abọ́ bẹ́ẹ̀?

Gbogbo ike kọ́ ló gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú kan náà. Ike ọ̀rá ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 110 sí 130 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, polypropylene tí wọ́n fi ń ṣe àga sì ń yọ́ ní nǹkan bí 165. Ìyẹn ṣì rọrùn. Ike PVC tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi ló le: bí ooru bá pọ̀ lára rẹ̀, á tú gáàsì ásíìdì tó ń jẹ irin, tó sì ń fún èèyàn lọ́fun. A kò gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ nígbà tí PVC bá wà nínú rẹ̀. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá pàdé acetal, ike tí wọ́n fi ń ṣe eyín jíà kéékèèké, nítorí pé gáàsì tí àwọn méjèèjì ń tú lè bú gbàù. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń lo àlòkù tí wọ́n ṣà lórí ààtàn fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ègé páìpù kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́.

Ike ni wọ́n fi ń fọ ike. Kí ẹ̀rọ tó dúró, wọ́n á dá hóró tó ń wọlé dúró, wọ́n á wá fi ike mìíràn tó ki tì í jáde títí ohun tó ń jáde yóò fi mọ́. Bí iná bá ti lọ lójijì, wọn kò gbọdọ̀ yí ọ̀pá náà kí ooru tó wọ gbogbo àgbá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ó lè kán. Imú ẹ̀rọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú gbóná, lẹ́yìn náà kí ooru máa lọ sẹ́yìn, kí gáàsì tó há lè rí ọ̀nà jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró síwájú imú náà.

Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á yọ ọ̀pá náà nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì idẹ àti abẹ idẹ há a. Idẹ ni, kì í ṣe irin, nítorí idẹ rọ̀ ju ojú irin tí wọ́n ti sọ di líle náà lọ, ojú líle yìí kì í sì í sábà nípọn tó mìlímítà kan. Àwọn kan a máa gbé iná gáàsì tì í. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ojú kan ń tẹ irin, ó sì ń gba líle rẹ̀, ọ̀pá tó bá sì ti tẹ̀ á máa ha àgbá títí méjèèjì yóò fi bàjẹ́. Ti bẹntiróòlù tiẹ̀ burú jù: kò lè tú ike ọ̀rá tó ti tutù, bí irin bá sì gbóná, á gbiná.

Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nílò ìbọ̀wọ́ tó nípọn, awò tó bo ojú àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bí ike yíyọ́ bá ta sí i lára, omi tútù tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi rọ ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, kí wọ́n má ṣe fà á. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù pẹ̀lú rẹ̀ lára, dókítà ni yóò yọ ọ́.