Ọdẹ tí ó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Ara Rẹ̀: Ọ̀ràn J. H. Patterson, 1898–1947

Ìfáàrà

Irúfẹ́ ìtàn-àròsọ kan wà tí àwọn òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn púpọ̀. Ọdẹ amọ̀nà kan mú àlejò wọ aginjù, àlejò kú sí i lọ́wọ́, orúkọ ọdẹ bàjẹ́, ó wá padà sínú ewu láti fọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ní òpin irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹranko búburú kan ni í máa ń dúró dè é. Bí ó bá ti pa á, ìtìjú rẹ̀ tán. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ọ̀ràn ọkùnrin kan tí irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí ní tòótọ́, èyíinì ni John Henry Patterson. Èrò wa ni pé ìgbésí ayé rẹ̀ kò tẹ̀ lé ètò ìtàn náà. Kìnnìún ni ó kọ́kọ́ pa, ìtìjú ni ó tẹ̀ lé e, ohun tí ó sì tún orúkọ rẹ̀ ṣe kì í ṣe ìbọn ọdẹ. A ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ Patterson fúnra rẹ̀ ni òpìtàn gbára lé jù nínú ọ̀ràn yìí, àti pé ewu wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Afárá Tsavo, 1898

Ní Áyálándì ni a bí Patterson ní 1867. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní kékeré, ó sì sìn ní Íńdíà. Ní 1898 ni wọ́n rán an lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti bójú tó kíkọ́ afárá sórí odò Tsavo, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Kẹ́ńyà lónìí, lójú ọ̀nà rélùwéè tí ó ti Mombasa lọ sí ìhà Ùgáńdà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí a kó wá láti Íńdíà ni ó pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kò pẹ́ tí Patterson dé ibẹ̀ tí kìnnìún akọ méjì tí kò ní gọ̀gọ̀ lọ́rùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ jáde nínú àgọ́ lóru. Ẹ̀rù mú ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ, iṣẹ́ sì dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Patterson pa kìnnìún kìn-ín-ní ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1898, ó sì pa èkejì ní ọjọ́ 29 oṣù náà.

Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí, The Man-Eaters of Tsavo, jáde ní 1907, òun ni ó sì sọ ọ́ di olókìkí. Iye òkú ni ó yẹ kí á dá dúró lé lórí. Nínú ìwé náà, Patterson ní ọmọ Íńdíà 28 ni àwọn kìnnìún náà pa, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ẹnikẹ́ni kò kọ iye wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, lẹ́yìn tí ó ti ta awọ àwọn kìnnìún náà fún Field Museum ní Chicago ní 1924, iye tí ó ń dá di 135. Ní 2009, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n yẹ egungun àti irun àwọn kìnnìún náà wò fojú bù ú pé ènìyàn bí 35 ni àwọn méjèèjì jẹ. Òótọ́ ni pé iye tí kìnnìún jẹ lè yàtọ̀ sí iye tí ó pa. Síbẹ̀, a rí i pé bí òkìkí ọdẹ ti ń ga ni iye òkú ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ti ka orúkọ gbogbo àwọn tí ó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ fún Patterson ní àwo fàdákà, wọ́n sì kọ ewì ní ìyìn rẹ̀; ṣùgbọ́n inú ìwé Patterson fúnra rẹ̀ ni a ti bá ewì náà pàdé.

Ikú Audley Blyth, 1908

Ní 1907, ìjọba fi Patterson ṣe olùtọ́jú àgbà fún àwọn ẹranko ìgbẹ́ ní ilẹ̀ kan náà. Ní ọdún kejì, ó rin ìrìn àjò lọ sí aginjù ìhà àríwá, ó sì mú Audley Blyth, ọmọ ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, àti Ethel ìyàwó rẹ̀ dání. Lójú ọ̀nà ni ọta ìbọn ìléwọ́ pa Blyth nínú àgọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ jẹ́rìí pé Patterson kò sí nínú àgọ́ náà nígbà tí ìbọn dún, àti pé ìyàwó olóògbé ni wọ́n rí tí ó sá jáde pẹ̀lú igbe.

Bí ọ̀ràn bá mọ síbẹ̀, bóyá ojú àánú nìkan ni ayé ìbá fi wò ó. Ṣùgbọ́n Patterson sin òkú náà sínú aginjù, kò yí padà lọ ròyìn fún ìjọba ní ibùdó tí ó súnmọ́ jù, ó sì ń bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ pẹ̀lú opó náà. Níbí gan-an ni àbùkù ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan ní Blyth pa ara rẹ̀ ni, àwọn mìíràn ń sọ ohun tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa Patterson àti obìnrin náà. Wọn kò gbé e lọ sí kóòtù, ìjọba kò sì dá a lẹ́bi, síbẹ̀ ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1909, ó gbé ìwé mìíràn jáde, In the Grip of the Nyika, láti fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ìrìn àjò náà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe àkíyèsí ohun kan. Ẹ̀rí tí ó yọ Patterson nínú ẹ̀sùn ìpànìyàn kò ti inú ìwé rẹ̀ wá. Ẹnu àwọn tí wọ́n bá a rìn ni ó ti wá, àwọn tí ìwé ọdẹ kì í sábà dárúkọ.

Gallipoli àti Palẹ́sítínì, 1915–1918

Ní 1915, ní Íjíbítì, wọ́n fi Patterson ṣe olórí Zion Mule Corps, ẹgbẹ́ àwọn Júù tí wọ́n fi ìbaaka ru omi, oúnjẹ àti ọta ìbọn lọ fún àwọn ọmọ-ogun nínú yàrà ogun ní Gallipoli. Joseph Trumpeldor ni igbákejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó darí ọ̀wọ́ kejìdínlógójì ti Royal Fusiliers, tí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ jẹ́ Júù, ní ogun Palẹ́sítínì ní 1918. Ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ jà lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí. Oyè Lieutenant-Colonel tí ó bá wọ ogun náà ni ó bá jáde.

Nínú iṣẹ́ yìí, ìyàtọ̀ pàtàkì wà. Òótọ́ ni pé Patterson tún kọ ìwé lórí ogun méjèèjì, ní 1916 àti 1922. Ṣùgbọ́n ní ọ̀tẹ̀ yìí, àwọn tí ó darí náà kọ tiwọn. Vladimir Jabotinsky jẹ́rìí sí i nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun náà. Ọkùnrin tí kò padà lọ ròyìn ikú àlejò rẹ̀ ní 1908 ni ó wá di ẹni tí àwọn tí ó ń bá a ru ẹrù ń ròyìn ní rere.

Ìkádìí

Ìtàn-àròsọ ti pín Patterson sí méjì. Àwọn onímọ̀ lítírésọ̀ gbà pé ọ̀ràn Blyth wà lẹ́yìn ìtàn kúkúrú tí Ernest Hemingway gbé jáde ní 1936 nípa Francis Macomber. Ìtìjú wà nínú ìyẹn, kò sí àtúnṣe. Fíìmù tí wọ́n ṣe láti inú rẹ̀ jáde ní 1947, ọdún tí Patterson kú ní Amẹ́ríkà. Fíìmù The Ghost and the Darkness ti 1996 sì padà sí Tsavo. Kìnnìún wà nínú rẹ̀, kò sí ìtìjú. Kò sí èyí tí ó mú ìbaaka àti omi inú yàrà dání.

Ní 2014, wọ́n kó eérú Patterson lọ sin sí Avihayil ní Ísírẹ́lì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ìjọba. A kò lè sọ pé gbogbo ayé ni ó dárí jì í: àwọn Lárúbáwá Palẹ́sítínì kò ní ka ogun 1918 bí àwọn tí ó sin ín ti kà á. Ohun tí a lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò fún iṣẹ́ wa. Ọdẹ kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn tí ó bá a rìn ni ó lè ṣe é. Àwọn tí kìnnìún pa ní Tsavo kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, wíwá orúkọ wọn nínú àkọsílẹ̀ rélùwéè náà sì jẹ́ gbèsè tí ó kù sí àwa òpìtàn lọ́rùn.