Moa: Ilẹ̀ Pupa, Irin Funfun, àti Ìbéèrè Ta Ló Ni Ín

Bí a bá dárúkọ Kúbà létí ọmọ Yorùbá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni ìlù bàtá, orin Ṣàngó àti Yemọja, àti ìran àwọn Lùkùmí tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí oko ìrèké ní agbègbè Havana àti Matanzas. Kúbà ti ìwọ̀ oòrùn nìyẹn. Ní ìpẹ̀kun kejì erékùṣù náà, ní etíkun àríwá ìlà oòrùn, ìlú kan wà tí kì í ṣe ìrèké ló bí i, tí kì í sì í ṣe iyanrìn funfun etí òkun ló sọ ọ́ di olókìkí. Moa ni orúkọ rẹ̀. Erùpẹ̀ ló bí i, erùpẹ̀ ló ń bọ́ ọ, erùpẹ̀ kan náà ló sì ń kó bá a.

Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó bá gba ọ̀nà etíkun láti Holguín lọ sí Baracoa, ìlú tí àwọn ará Sípéènì kọ́kọ́ tẹ̀ dó ní Kúbà ní ọdún 1511, kò lè ṣàì gba Moa kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dúró. Ohun tí wọ́n ń rí lójú fèrèsé ọkọ̀ ni òkè tí wọ́n ti bó láwọ̀ títí tó fi pupa bí ẹni da epo sí i, ọ̀wọ́ ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ tó tóbi ju ilé lọ, àti ọ̀pá èéfín tó ń tú èéfín sójú sánmà. Eruku pupa bà sára ògiri, ó bà sára ewé, ó bà sára aṣọ tí wọ́n sá síta. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ̀wé fún arìnrìn-àjò fi máa ń pe ìlú náà ní ibi tí ò rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Kúbà ti là kọjá láàárín ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn kò ní rí ìwé tó dára ju ilẹ̀ Moa lọ.

Àwọn àgbà ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ní Moa, inú ilẹ̀ pupa ni irin funfun ti ń jáde. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe irin náà, òun ni wọ́n ń pò mọ́ irin lásán kí ó má baà dípẹtà. Àbúrò rẹ̀ kan tún wà tí wọ́n jọ ń gbé inú ilẹ̀ kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní kóbọ́ọ̀tì. Àpáta tó wà lábẹ́ òkè Moa ní irin wọ̀nyí nínú láti ilẹ̀ wá. Òjò tó ń rọ̀ lemọ́lemọ́ ní apá ibẹ̀ ti ń fọ àpáta náà fún àìmọye ọdún. Ó ṣan èyí tó fúyẹ́ lọ, ó fi èyí tó wúwo sílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ilẹ̀ pupa tí kò jìn, tí ẹ̀rọ lè gbẹ́ láìwa ihò wọ inú ilẹ̀. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n erùpẹ̀ yìí, bóyá ni níkẹ́ẹ̀lì fi ju ẹyọ kan lọ díẹ̀. Èyí tó kù, pàǹtírí ni. Ẹni tó bá di ìṣirò yìí mú kò ní jìnnà sí òye ìtàn Moa.

Kí ayé tó mọ̀ pé níkẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, irin lásán ni wọ́n ń wá kiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ti ń wa ilẹ̀ pupa ní Mayarí, tí kò jìnnà sí Moa, láti fi rọ irin. Moa fúnra rẹ̀ kò ju abúlé àwọn apẹja àti àwọn agégi páínì lọ. Ogun Àgbáyé Kejì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Níkẹ́ẹ̀lì di ohun ìjà, nítorí pé ara ọkọ̀ ogun àti ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú kò lè ṣe láìsí i. Ìjọba Amẹ́ríkà fi owó rẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ sí Nicaro, ní etíkun kan náà, ó sì gbé e lé ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Freeport Sulphur lọ́wọ́ láti máa darí. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ti Nicaro pa ní ọdún 1947. Nígbà tí ogun Kòríà dé, wọ́n tún un ṣí ní 1952. Bí ogun bá gbóná níbòmíràn, iṣẹ́ yóò wà ní etíkun Kúbà. Bí ogun bá tutù, àwọn òṣìṣẹ́ yóò padà sílé.

Freeport kò dúró sí Nicaro. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950 ni ọmọ ilé iṣẹ́ náà, Moa Bay Mining Company, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sí Moa. Irú rẹ̀ kò tíì sí láyé nígbà náà. Wọn yóò po erùpẹ̀ mọ́ omi, wọn yóò dà á sínú agbada irin ńlá tí a dé pa, wọn yóò fi ásíìdì tí a fi imí ọjọ́ ṣe sí i, wọn yóò sì sè é títí ooru rẹ̀ yóò fi tó ìwọ̀n 250. Ásíìdì náà yóò yọ níkẹ́ẹ̀lì àti kóbọ́ọ̀tì kúrò lára erùpẹ̀, wọn yóò sì fi èròjà mìíràn mú kí méjèèjì dì pọ̀ bí ẹrẹ̀ dúdú. Ẹrẹ̀ dúdú yìí ni wọ́n fẹ́ máa kó lọ sí Louisiana, níbi tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn sí láti yọ́ ọ di irin gidi. Ètò náà dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ kan: Moa ni erùpẹ̀ àti pàǹtírí wà, Louisiana ni irin wà. Èyí tó wà ní Moa kò lè dá di ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rà lọ́jà.

Orí ètò yìí ni wọ́n wà nígbà tí ogun abẹ́lé dé bá wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1958, àwọn jagunjagun Raúl Castro sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n kọlu Moa, wọ́n sì kó àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà àti Kánádà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọkọ̀ òfuurufú Ààrẹ Fulgencio Batista ń ju bọ́ǹbù lu àwọn abúlé orí òkè, pé ohun ìjà Amẹ́ríkà ló fi ń ṣe é, àti pé bí ọmọ Amẹ́ríkà bá wà láàárín wọn, bọ́ǹbù náà yóò dáwọ́ dúró. Wọ́n dá gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láìṣe wọ́n léṣe. Ọ̀kan nínú àwọn olórí jagunjagun tó kú nínú ìkọlù náà ni Pedro Sotto Alba, orúkọ rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí àwọn Amẹ́ríkà kọ́ sì ń jẹ́ títí di òní.

Batista sá lọ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1959. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba tuntun ṣe òfin ìwakùsà, ó sì bu owó orí 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n bá kó jáde. Freeport ní èrè kò lè tinú rẹ̀ jáde, ó dá iṣẹ́ dúró. Ní ọdún 1960, ìjọba gba gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà di ẹrù wọn, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ tí kò sí irú rẹ̀ láyé wá dákẹ́ fẹ́ẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbà pé ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́ tán.

Níbí ni ẹnjiníà ọmọ Kúbà kan, Demetrio Presilla, ti wọ inú ìtàn. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Nicaro, ó mọ irin náà bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun dúró. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé ẹ̀rọ, fi ọgbọ́n orí àti sùúrù tú ilé iṣẹ́ náà wò, wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́ ní ọdún 1961. Che Guevara, tó jẹ́ mínísítà ilé iṣẹ́ ńláńlá nígbà náà, ka iṣẹ́ yìí sí ohun àmúyangàn. Ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Louisiana ṣì wà nílẹ̀: ta ni yóò yọ́ ẹrẹ̀ dúdú náà? Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ló dáhùn. Ọkọ̀ tó yẹ kó kọrí sí Amẹ́ríkà wá kọrí sí ọ̀nà jíjìn réré. Oníbàárà yí padà; ipò Moa nínú òwò náà kò yí padà.

Ọgbọ̀n ọdún tó tẹ̀ lé e ló sọ abúlé di ìlú. Ilé alájà mẹ́rin, márùn-ún hù bí olú. Ní ọdún 1976 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìwakùsà àti irin yíyọ́, tó fi jẹ́ pé ọmọ agégi di ẹnjiníà ní ìlú baba rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ kejì tí wọ́n fi orúkọ Che Guevara pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Punta Gorda. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta ní Las Camariocas, àmọ́ kò parí, nítorí pé ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ tú ká ní ọdún 1991. Epo tán, owó tán, oníbàárà tán.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1994, Kúbà bá ilé iṣẹ́ Sherritt ti Kánádà dòwò pọ̀ ní ìdajì-ìdajì. Ìpín Kúbà kò mọ sórí ilẹ̀ Moa nìkan, ó kan ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin ní Fort Saskatchewan ní Kánádà pẹ̀lú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn tó ni erùpẹ̀ ní ìpín nínú iná tó ń yọ́ ọ. Àmọ́ ẹjọ́ àtijọ́ kò tíì kú. Ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbèsè Moa Bay Mining Company lọ́rùn Kúbà lé ní mílíọ̀nù 88 dọ́là. Ní ọdún 1996, òfin Helms-Burton jáde, Amẹ́ríkà sì kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá Sherritt pé wọn kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ òun mọ́. Wọ́n ní dúkìá tí wọ́n jí ni wọ́n fi ń ṣòwò. Kúbà ní baba ta ni ó ni òkè?

Bí àwọn ìjọba ṣe ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu odò Moa ń pọ́n sí i. Ẹyọ kan àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń mú lọ. Èyí tó kù wà ní ẹ̀yìnkùlé ìlú. Òkè tí wọ́n bó kì í tètè hu igi padà. Ohun tó sì wà lórí àwọn òkè náà ṣọ̀wọ́n: irin inú ilẹ̀ náà ló mú kí igi àti ewéko ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Ní ọdún 1986 àti 1987 ni àwọn onímọ̀ rí àkókó ńlá tí ẹnu rẹ̀ funfun bí eyín erin ní igbó páínì agbègbè náà, kò sì sí ẹ̀rí tó dájú pé ẹnikẹ́ni tún rí i ní Kúbà láti ìgbà náà. Ní 1996, wọ́n kéde ọ̀pọ̀lọ́ kan láti Monte Iberia tí kò ju èékánná ọmọdé lọ. Apá kan nínú àwọn òkè yìí ti bọ́ sínú ọgbà àdáyébá Alejandro de Humboldt, tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2001. Ọgbà náà àti ibi ìwakùsà jọ pààlà ni.

Lónìí, ayé tún ti ń wá Moa. Kóbọ́ọ̀tì tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí tẹ́lẹ̀ ti di èròjà bátìrì fóònù àti ti ọkọ̀ aláfiná-rìn, Kúbà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ní i jù nínú ilẹ̀. Àwọn tó ń wá ọkọ̀ tí kì í tú èéfín ń wá ohun tí wọ́n ń fi èéfín yọ jáde ní ìlú tó ní nǹkan bí 70,000 ènìyàn. Amẹ́ríkà, Sófíẹ́ẹ̀tì, Kánádà: kálukú wá, kálukú kó tirẹ̀. Àwọn tí kò kúrò níbẹ̀ rí ni àwọn ọmọ Presilla, tí wọ́n ń jí ní òwúrọ̀ láti gbọn eruku pupa kúrò lára bàtà kí wọ́n tó tún padà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Baracoa, tí ó sì mú fóònù rẹ̀ jáde láti ya òkun, kó rántí pé ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ lára òkè tó ń wò náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.